Lẹ́tà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣí

Ọmọ mi ni mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwa abiyamọ fẹ́ dáwó ra bẹ́ẹ̀dì sí ilé ìgbẹ̀bí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí a bẹ̀ wá láti Èkó ti sọ ọ́ gbangba pé bí òun kò bá rí ẹgbẹ́ tó dúró ti òun lọ́jọ́ náà, òun á gba iṣẹ́ níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí inú lọ́rì lójú ọ̀nà Èkó ni mo bí ọmọ yìí sí.

“Akọ̀wé,” Ìyá Ẹgbẹ́ wí, “èmi àti nọ́ọ̀sì nìkan la wà ní gbọ̀ngàn. Kí lo kọ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́?”

“Mo ní kí wọ́n wá ni, mà.”

Èmi ni mo kàwé jù nínú ẹgbẹ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ojúlé dé ojúlé ni Ìyá Ẹgbẹ́ máa ń rìn pe ìpàdé. Mo ní ìyẹn ti di ayé àtijọ́. Ọkọ mi ń ṣe kíláàkì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín oko ní Ìkẹjà. Òun ló bá mi tẹ lẹ́tà náà, tó kó o sínú àpò ìwé ọ́fíìsì, tó sì ní kí mésẹ́ńjà wọn, tòun ti kakí àti básíkùlù, bá mi pín in. Inú mi dùn bí ẹni pé mo ti di ọ̀gá.

Mo pọn ọmọ, a jáde. Ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ògiri wa kan tiwọn, la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ojú kan ṣoṣo la rí.

“Baálé mi ò sí nílé,” wọ́n wí kí a tó kí wọn. “Wọ́n ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá.

Ìyá Ẹgbẹ́ béèrè bóyá wọ́n rí lẹ́tà gbà.

“Ti oníkakí yẹn? Abẹ́ ẹní ló wà. Ṣebí ti owó orí ni? A ò ṣí i o. Bí a bá ṣí i, wọ́n á ní a ti gbà á.”

Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá Aláró wá ṣí ilẹ̀kùn tán, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

“Ìwọ? Ìwọ tó yá odó mi láàárọ̀ yìí? Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni, tí o ò fi lè sọ ọ́ fún mi?”

Ohùn ọkùnrin kan rọra ti inú yàrá jáde: “Ṣé kí n máa bọ̀ níta?”

Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹgbẹ́ padà lọ fi ọ̀rọ̀ dá nọ́ọ̀sì dúró, èmi sì ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń kúnlẹ̀ fún àgbà, mo ń bẹ ẹgbẹ́ mi. Ilé méjì ni wọ́n ti bú mi dáadáa. Ní ẹ̀yìn ìrun alásárì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbọ̀ngàn lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ní kókó etí ìró. Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò wọ́n títí, ó gbé e sílẹ̀, ó ní ibo ni a fẹ́ to bẹ́ẹ̀dì sí.

Bí mo ṣe ń gbé ọmọ mi bọ̀ wálé, ó ti sùn, ṣùgbọ́n mo bá a sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Mo ní, “Ìyá ẹ bẹ gbogbo àdúgbò lónìí. Kò dùn mọ́ mi rárá. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò lọ mọ́. Àbúrò ẹ á lè fọwọ́ júwe ilé tí wọ́n bí òun sí.”