Àwọ̀ Ẹṣin Bàbá Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo wa di wèrè nílé wa ní Ìkòròdú, lọ́dún tí bàbá mi fẹ́ joyè. Aṣọ ti wà nílẹ̀, màlúù ti wà nílẹ̀. Àwọ̀ ẹṣin tí bàbá mi máa gùn nìkan ló kù, òun gan-an ló sì dá ogun sílẹ̀.

Bàbá mi ní èyí tó bá jọ ti bàbá òun lòun máa gùn. Bàbá bàbá mi ní ẹṣin kan nígbà ayé rẹ̀ tó máa ń gùn lọ kí ìrun Yídì. Bàbá mi ní funfun ni ẹṣin náà, funfun báláú, láti etí dé pátákò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Dádì Àgbà, ní irọ́ ńlá ni. Ó ní aláwọ̀ eérú ni, eérú tó ṣú dáadáa. Ibi kan ṣoṣo tó funfun lára rẹ̀ ni ìlà gbọọrọ kan tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé imú. Mo lọ gbé fọ́tò àtijọ́ wá. Fọ́tò ayé ìgbà yẹn kò ní àwọ̀. Ẹṣin inú rẹ̀ kò funfun, kò dúdú, àwọn méjèèjì sì jọ ń nàka sí i pé ṣé mo ti rí i báyìí.

Ẹ lè máa wò ó bí eré. Àmọ́ nínú ẹbí wa, ẹni tó bá joyè kì í dá gun ẹṣin kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa di ìjánu mú láti ẹnu ọ̀nà dé orí títì, kó tó fi í sílẹ̀. Bàbá mi kò sì ní ẹ̀gbọ́n mìíràn láyé. Dádì Àgbà búra pé ọwọ́ òun ò ní kan ìjánu ẹṣin funfun, pé òun ò ní bá wọn pa irọ́ mọ́ bàbá òun. Bàbá mi ní òun náà ò ní gun eérú. Àwọn tó ń jẹun pọ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá dá abọ́ sọ́tọ̀.

Ọkùnrin Haúsá tó ń fi ẹṣin háyà mú funfun wá, Dádì Àgbà kọ̀ ọ́. Ó mú dúdú wá, bàbá mi kọ̀ ọ́. Ó tún mú pupa kan wá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun, bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́ lọ sílé ìwé. Ọkàn mi fà mọ́ ọn gidigidi, àmọ́ èmi nìkan ni. Ìròyìn ti dé Ìtamágà, ó ti dé Gáréèjì. Tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Èkó, àwọn ọlọ́kadà á máa bi mí bóyá a ti yanjú ẹ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ gbogbo èèyàn nígbà yẹn, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sì tẹ̀ mí láago pé funfun lòun wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín, torí ọjọ́ oyè ti sún mọ́lé. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí n gbé mọ́tò, ó ti àwọn méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní ká máa lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn obìnrin. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó gé koríko fún ẹṣin náà. Kò tíì sí ẹni tó ronú àtibi í léèrè, torí ó dá kálukú wọn lójú. A kọjá ọ̀nà Ìmọ̀tà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń wo igbó apá ọ̀tún, ọ̀kan ń wo ti òsì, èmi ń gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi.

A bá Ìyá Ẹ̀pẹ́ níwájú ilé, ó ń yọ egungun ẹja. Bàbá mi rojọ́, Dádì Àgbà rojọ́. Ó gbọ́ tiwọn tán, ó fọ ọwọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi pé a ní láti bá a di àga mú.

"Ẹṣin kan náà ni," ló wí. "Eérú ni nígbà tí wọ́n mú un dé. Ọdọọdún ló ń funfun sí i. Ara ẹ̀ kọ́kọ́ ṣe tótòtó bí ara awó, kó tó wá funfun tán. Ìwọ ti lọ kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn nígbà yẹn. Àbúrò ẹ yìí, wọn ò tíì bí i nígbà tó ṣì ṣú."

Dádì Àgbà ní kò sí bí ẹṣin ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ na ọwọ́, ó ṣí fìlà lórí Dádì Àgbà. Irun orí náà funfun bí òwú.

"Ṣé bí irun yìí ṣe rí nìyí nígbà tí mò ń fá a fún ẹ?"

Bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi tẹ̀ lé e, ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun tìró tuntun. Dádì Àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Ẹ̀pẹ́ tún ibi tó ti ṣe tótòtó yẹn sọ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin bọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì sì ń jà lẹ́yìn mi, pé ta ló máa lọ wá ẹṣin tótòtó.

Lọ́jọ́ oyè, ẹṣin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Orí rẹ̀ ti funfun, ìdí rẹ̀ ṣì ṣú, gbogbo àárín rẹ̀ ṣe tótòtó. Dádì Àgbà di ìjánu mú, kò dé fìlà. A ń jó tẹ̀ lé wọn, aṣọ mi ti fẹ́ bọ́. A dé orí títì tó yẹ kó ti fi í sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ wálẹ̀ láti orí ẹṣin.

"Bọ̀dá mi, a ti dé títì. Ẹ fi sílẹ̀."

"Ẹṣin bàbá wa ò ṣojú mi tó fi funfun," Dádì Àgbà dáhùn. "Jẹ́ n bá èyí lọ díẹ̀ sí i."

Ó fà á títí dé ààfin.