Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Fẹ́ Gbọ́ Lẹ́nu Mi

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo wà tí wọ́n fi mú mi kúrò kí n lè máa bá ìyá mi tajà, láti ìgbà náà n kì í sábà mú kálàmù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Bí nǹkan ṣe rí ni mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ, lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀tẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ni ọmọ náà jẹ́ fún un. Nítorí náà mo fún un ní orúkọ tèmi. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán, mo bá ń pè é ní Adúmáadán. Nígbà tí òun náà gbọ́n díẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á ní, "Ìyàwó mi, wá di irun fún mi," èmi á sì kúnlẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.

Ìyá ọkọ mi kú. Bàbá wọn ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ṣókótó, nígbà mìíràn a kì í gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Adúmáadán wá di tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé Kàdúná, ní òun ni kí wọ́n gbé ọmọ fún. A mọ ohun tó fẹ́ fi ọmọ ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìbejì lọ́wọ́, kò sì rí ẹni bá a pọn wọ́n. Bí ọmọ yẹn bá dé Kàdúná, ilé-ìwé rẹ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì wẹ́lífíà ní GRA. Wọ́n ní kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kí n máa wá fara hàn lóòrèkóòrè kí wọ́n lè mọ̀ pé àlàáfíà ló wà.

Bàbá akọ̀wé kan, ọmọ Ìlọrin, ló ń bójú tó tiwa. Bí mo bá pe Adúmáadán, á kàn mi orí, á kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ síwèé, nítorí ó ti bi ọkọ mi léèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í yọ mí lẹ́nu lórí ìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ni ìṣòro. Á pariwo láti inú yàrá títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èrò jókòó sí: "Ìyàwó awakọ̀, ṣé ọkọ ti rántí ilé, àbí ó ti bá Hausa lọ?" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Fáìlì ńkọ́? Á wá a títí oòrùn á fi kanrí, á wá ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ kírun Jímọ̀, ká padà wá.

Lọ́dún tí wọ́n fún bàbá náà ní ìfẹ̀yìntì ni ẹ̀rọ dé. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá sọ ọ̀rọ̀ wa lákọ̀tun, pé ẹ̀rọ á máa lu ihò sára páálí, ihò yẹn ni á máa jẹ́ orúkọ wa, kò sì ní sí pé fáìlì sọnù mọ́.

Obìnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan, ìyàwó tíṣà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wa. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ jẹ́ kó dé, jàre. Ẹ̀rọ kì í lọ jẹun, kì í sì í bèèrè ọkọ ẹni níwájú èrò."

"Kì í mọ èèyàn náà," ni ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí. "Bó o bá sọnù sínú rẹ̀, ta lo máa ké pè?"

"Màmá, páálí ni, kì í ṣe kànga."

"Ṣé o ò rí ihò ara rẹ̀ ni? Orúkọ tí wọ́n bá fi ihò kọ, á jò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ń jà nínú mi. Ó wù mí kí n bọ́ lọ́wọ́ ẹnu bàbá akọ̀wé, kí n wọlé kí n jáde láìsí ẹni tó mọ ilé tí mo ti wá. Ohun kan náà yẹn ló sì ń já mi láyà.

Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rọ náà ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó sídìí rẹ̀. Yorùbá ni, àmọ́ wọ́n ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ ọ. Kò gbójú sókè.

"Orúkọ ọmọ?"

"Adúmáadán."

"Kí ló jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. "Ó ti parí. Ẹni tó kàn."

Mo jáde. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi yá gágá títí mo fi dé ẹnu géètì, ibẹ̀ ni ìfura ti mú mi. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi láìwò mí lójú, kí gan-an ló gbà?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tẹ́ páálí méjì síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ti wá," ó ní. "Ó dárúkọ ọmọ, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ wá ọmọ yẹn nílé yín, kò rí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adúmáadán ló rí, ó sì ní ọkọ yín ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, ọkọ méjì nínú ilé kan?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọkọ mi ọ̀hún, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo mọ àṣà náà," ó ní. "Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ dárúkọ ọmọ náà fún mi, màá ní kí wọ́n lu páálí mìíràn. Ẹni tó ń tọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Orúkọ náà wà lẹ́nu mi bí iṣu gbígbóná. Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú dànù. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń rò ó bóyá mi ò tiẹ̀ mọ ọmọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ń bọ̀ wá mú un lọ́sàn-án ọ̀la; bí orúkọ ọmọ kò bá sí lórí páálí yín, òun la máa gbé e fún," ó ní. "Ẹ lọ rò ó."

Mo sọ ọ́ fún ìyálé tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa. Ó ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. "Ṣé ẹ̀rọ náà fẹ́ fẹ́ ẹ ni, tó ń bèèrè orúkọ ọkọ lọ́wọ́ ẹ?"

"Tí mo bá pè é ńkọ́, màmá?"

"Kò sí ìyàwó tó ṣe é rí nílé yìí. Wọ́n á ní o ti sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ẹ." Ó fẹ́ èèpo ìrẹsì dànù. "Tó o bá pè é, ojú á tì ẹ́. Tó ò bá pè é, ojú á pọ́n ọmọ. Èmi ò bá ẹ yàn án."

Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tíṣà, tó ti ń fà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀rọ yanjú rẹ̀ kíákíá, ó sì ń dúpẹ́. Àmọ́ bàbá akọ̀wé tó ń dójú tì mí yẹn ló mọ ẹni tí mo jẹ́. Títí di ìsinsìnyí, ohunkóhun tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìwojú ẹni, mo máa ń fura sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo bu kókó fún Adúmáadán, mo fi àkàrà sí i, mo wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, mo fẹ́ ṣe ohun kan tí kò yẹ. Ẹ yọ̀ǹda fún mi."

Ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ jẹ nínú àkàrà mi ni?"

"Rárá."

"Ó dáa, mo yọ̀ǹda."

Mo wé gèlè, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí GRA. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn, mo dúró dè wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá náà jókòó, mo sún mọ́ tábìlì rẹ̀, mo pe orúkọ ọmọ náà àti ti bàbá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ní òun ò gbọ́. Mo tún un pè sókè, èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́. Nígbà tó lu páálí náà tán, mi ò lọ. Mo ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà.