Fídíò Tí Mo Fi Wádìí Àna Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ mi. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Ìkàrẹ́ Àkókó mọ̀ pé tíṣà ni mí, mo sì máa ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ Ọ̀kà ni ọkọ mi tó ti dolóògbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọ̀kà, ló di olórí ẹbí. Bí Màmá kò bá fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè fọmọ fọ́kọ nínú ilé náà.

Ọmọ mi Mojí lọ kàwé sí i ní Kenya. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Lemayan lorúkọ rẹ̀, dókítà ẹranko ni, ọmọ Maasai.

Àwọn wo ló ń jẹ́ Maasai?

Ẹ ṣáà mọ àṣà wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Ká ní Ògbàgì tó wà nítòsí wa ni ọkọ ti wá ni, ǹ bá ti wọ mọ́tò lọ. Ǹ bá bi aládùúgbò wọn, ǹ bá sì wá ẹni tí wọ́n jọ ń jà kàn, kí n gbọ́ tẹnu tiẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni mo mọ̀ ní Kenya? Mo gbé fóònù, mo tẹ orúkọ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Fídíò kan ló kọ́kọ́ yọ. Ohùn kan tó dún bí ohùn ẹ̀rọ ló ń sọ òyìnbó níbẹ̀. Ó ní darandaran ni àwọn Maasai, ẹ̀jẹ̀ màlúù ni gbogbo wọn ń mu láràárọ̀. Ó ní bí ọmọbìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ á tutọ́ sí i lórí láti fi gégùn-ún fún un. Wọ́n fi bàbá arúgbó kan hàn, aṣọ pupa lọ́rùn, ó di orí ọmọbìnrin kan mú, ó sì tutọ́ sí i lóòótọ́.

Mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé ẹ̀gbin gbáà ni èyí. Kò tó mi, mo tún fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí.

Ẹ ò rí i pé èmi ni mo dá iná tó fẹ́ jó mi? Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Ọ̀kà ti pè.

"Ìyàwó, ṣé ọmọ àbúrò mi lo fẹ́ kí wọ́n máa tutọ́ sí lórí bí ẹni tutọ́ sí ààtàn?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń wádìí ni."

"Ìwádìí ti parí. Màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ mi lọ́dún tó kọjá, mi ò rójú ẹni tó ni ín. O tún fẹ́ kí n fi onímàlúù ṣe àna? Sọ fún Mojí pé mo ní rárá."

Mojí sunkún títí. Ó ní ìtutọ́ yẹn, àdúrà ni. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ó ní àwọn kan ṣì ń mu ún nígbà ayẹyẹ, ṣùgbọ́n tíì ni òun ń bá wọn mu láàárọ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Ẹni tí ìfẹ́ ń pa, ṣé ó lè jẹ́rìí?

Mo wá ibòmíràn wò. Mo rí ojú ewé àwọn tó ń kó àlejò lọ wo ẹranko. Ìyẹn ń yìn wọ́n bí ẹni ń yin áńgẹ́lì: wọn kì í bínú, wọn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ fóònù. Bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni Lemayan ti ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀! Ẹni tó ń tajà, kí ni ì bá tún sọ?

Lọ́jọ́ kẹta, Mojí tún pè. Ó ní bàbá Lemayan náà ti kọ̀. Ẹnì kan fi fídíò hàn án nípa àwa ará Àkókó, pé àwọn ìyá arúgbó wa máa ń fi májèlé pa ìyàwó tuntun.

Àwa kẹ̀?

Ó fi í ránṣẹ́, mo ṣí i. Ohùn ẹ̀rọ yẹn náà ni, ìkànnì yẹn náà ni. Ta ni mo sì rí nínú rẹ̀, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé? Màmá Ọ̀kà! Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, tí àwọn ọmọ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ataare wà lẹ́nu Màmá, ó di orí ìyàwó mú, ó ń súre, ó sì ń fẹ́ ataare náà sí i lórí. Ohùn yẹn ní àjẹ́ ni, pé ìyàwó náà kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ìyàwó tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkàrẹ́ títí di òní, tó ti bímọ méjì.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí kò mọ̀ wá rí kọ ọ́ pé ẹ̀gbin gbáà ni èyí. Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà. Mo bá Màmá níbi tó ti ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta. Mo fi fídíò tirẹ̀ hàn án, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

"Èmi? Èmi ni mo pa ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, Màmá."

"Ẹni tó sọ ọ́, ṣé ó dé Ọ̀kà rí? Ta ló bi?"

"Kò bi ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn ṣáà máa wò ó ló jẹ ẹ́ lógún."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Gbé ti àwọn onímàlúù yẹn wá, kí n tún un wò."

Kò fetí sí ohùn yẹn rárá. Bàbá aláṣọ pupa ló tẹjú mọ́. "Dá a dúró níbẹ̀. Wo ọwọ́ bàbá yìí, wo bó ṣe rọra di orí ọmọ mú. Ìyàwó, ẹni tó ń gégùn-ún kì í di orí mú báyìí. Ó ń súre ni. Itọ́ nìkan ni mò ń wò lọ́jọ́sí."

A pe Mojí, Lemayan àti bàbá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Mojí ń túmọ̀ fún Lemayan, Lemayan ń túmọ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá béèrè bóyá Màmá ni ìyá onígèlè inú fídíò.

"Èmi ni àjẹ́ náà," Màmá dáhùn. "Ẹni tí mo pa ti bímọ méjì. Ṣé kí n ní kó wá kí yín?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó bi í pé kí ló wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ataare. Ó máa ń ta lórí díẹ̀."

Bàbá ní itọ́ tòun kò ní ata.

"Kò burú. Ẹ tu tiyín, èmi náà á fẹ́ tèmi. Orí ọmọ kan náà ni."

Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n fídíò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. A fẹjọ́ ìkànnì náà sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Mo pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ rẹ́, mo bẹ gbogbo ẹbí ní gúrúùpù. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àgbè fi fídíò Maasai yẹn ránṣẹ́ sí mi, pé kí n wá wo àwọn ẹ̀dá kan. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú gúrúùpù ẹbí wa ló ti rí i. Ọwọ́ mi ló ti jáde.

Tí mo bá fẹ́ pàlọ́, mo máa ń kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o", kí ọmọdé lè mọ̀ pé àlọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe irú fídíò yìí kì í ké e. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ẹnu kan gbọ́ nípa ilé onílé, ẹ kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohun tí ẹnu náà ń sọ nípa ilé tiyín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Irọ́ wo ni wọ́n ti pa mọ́ ìlú yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Èwo lẹ̀yin náà sì ti fi ránṣẹ́ nípa ìlú ẹlòmíràn? Ẹ má tijú, ẹ kọ ọ́ síbí. Èmi ti jẹ́wọ́ tèmi.