Ẹni Tí Màámi Mú Wọ Yàrá Síkáànì

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó la ti ń lọ ṣe síkáànì láti Ìṣẹ́, ìlú wa. Ikùn Màámi wú lápá kan, ó sì le gbandi. Dókítà ní kí n mú wọn lọ, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n mumi yó, kí wọ́n má sì tọ̀ títí wọn yóò fi ṣe é tán.

Èmi ni mò ń bá Màámi gbé. Èmi ni mò ń gbé wọn dìde láàárọ̀, tí mò ń fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ omi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ti sọ àìjẹun náà di ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tilẹ̀ ti ní kí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá wọn gbà á.

"Ààwẹ̀ gbígbẹ ni mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ùwọ tún ti bẹ̀rẹ̀ nùun."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni àbúrò mi obìnrin ti Èkó dé, ẹni tí a ò rí láti Àjíǹde. Màámi tí mò ń gbé dìde dá dìde fúnra wọn, wọ́n dì mọ́ ọn. Wọ́n wá kọjú sí mi pé kí n lọ gún uyán fún un, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gún un. Ọmọ odó ló jìyà ohun tó wà nínú mi.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ síkáànì, àbúrò mi bu omi sí kọ́ọ̀pù. "Màámi, ẹ mumi o, òun ló máa jẹ́ kí wọ́n rí inú yín dáadáa."

Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní kó bu òmíràn sí i. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín nìyẹn o! Wọ́n ní wòlíì kì í níyì nílùú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe wòlíì, ọmọ ni mí.

Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí ni Màámi ń kérora nítorí ìtọ̀, ọwọ́ àbúrò mi ni wọ́n sì dì mú. A kọjá Èmùré, a kọjá lábẹ́ Olósunta ní Ìkẹ̀rẹ́, wọn ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ọwọ́ tèmi wà lórí itan mi.

Ní Adó, obìnrin tó ń ṣe síkáànì ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá Màmá wọlé. Mo ti dìde, mo ti gba ìborùn wọn. Màámi nawọ́ sí àbúrò mi.

"Màámi, kí ni mo ṣe fún yín?" Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti bi wọ́n. N kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Wọ́n padà wá bá mi, wọ́n rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Èyí á padà sÉkòó lọ́la. Bó bá gbọ́ ohun búburú, á gbé e lọ. Ùwọ, ulé la jọ wà. Bí o bá gbọ́ ọ, ojú rẹ ni mo ó ti máa rí i lójoojúmọ́."

Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Mo ṣì ń jowú àbúrò mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú mi ṣe, kí wọ́n má baà rí ìbẹ̀rù níbẹ̀ bí wọ́n bá jáde.