Rédíò Tí Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Ń Bọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, mo rò pé inú ẹsẹ̀ bàbá mi ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ń gbé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin àbúrò mi. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ohun tí ẹ̀yin náà ì bá rò nìyẹn.

Télọ̀ ni bàbá mi, màṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló fi ń ránṣọ. Bátìrì rédíò kì í pẹ́ kú, ó sì máa ń ṣòroó rí rà nígbà náà. Ni bàbá mi bá tú inú rédíò kan tó ti bàjẹ́, ó tún un tò sínú agolo bísíkíìtì. Ó yọ dáínámò ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó máa ń fara ha táyà kí iná iwájú kẹ̀kẹ́ lè tàn, ó so ó mọ́ wíìlì màṣíìnì. Bó bá ti ń tẹ màṣíìnì, agolo ń sọ̀rọ̀. Bó bá dúró kó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́, agolo á dákẹ́. Mo máa ń sọ fún ìyá mi pé ó ti rẹ àwọn èèyàn inú ẹsẹ̀ bàbá mi. Àwọn tó wá gba aṣọ náà á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ẹ má dúró o, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tọ́rọ̀ já sí."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò òjò, ara ìyá bàbá mi kò sì le. Gbogbo ilé bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, ó kọ̀. Ó ní ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, òun ò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, kò lè dá ife ògì gbé mọ́, ìyá mi ló dì í mú sí i lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti rí oṣù, ọdún dé nìyẹn, ìyá àgbà á jẹun lọ́la. Bí wọn ò bá rí i, á gba ààwẹ̀ kan sí i, kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú pé á lè dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Agolo bàbá mi nìkan ló kù.

Bí a ti ṣínu tán tí a sì kírun, gbogbo ilé yí màṣíìnì ká. Bàbá mi ń rán ṣòkòtò ọdún ẹnì kan lọ. Agolo ní ìkéde oṣù ń bọ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ fi kéwú ṣí i. Ẹ gbọ́ o: bàbá mi kì í jẹ́ kí ariwo màṣíìnì bo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun, tàbí tí ẹnì kan ń ka Kùránì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Ẹsẹ̀ náà kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró. Agolo sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tí bàbá mi fi máa rántí tún tẹ̀ ẹ́, ìkéde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ohun tí a gbọ́ kò ju "gbogbo Mùsùlùmí ní ọ̀la" lọ.

Ilé dàrú.

"Wọ́n ní ká jẹun lọ́la."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ká gba ààwẹ̀ lọ́la ni."

"Ibo nìwọ ti gbọ́ tìrẹ? Ṣebí ibi kan náà la jọ dúró sí."

Èmi ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ti gbogbo wọn ló ń jọ òótọ́ lójú mi. Bàbá mi fọwọ́ lérí.

Ìyá àgbà ló wá bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo ń yí nǹkan yìí sí?"

"Iwájú ni, Ìyá."

"Bó o bá ń yí i síwájú tí ọ̀rọ̀ ń kọjá lọ, yí i sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ padà wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ti kọjá."

"Ṣé èmi ni mo bí ọ, àbí ìwọ lo bí mi?"

Bàbá mi fa ṣòkòtò kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó yọ òwú kó má bàa já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Agolo kùn, ó tún kùn, lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin tó ń kéde jáde gbangba: wọ́n ti rí oṣù, ọ̀la lọdún.

Ariwo ta. Bàbá mi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ṣe ni wọ́n tún ìkéde kà, pé wọ́n máa ń tún un kà. Ta ló ń gbọ́? Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà jẹ iyán díẹ̀díẹ̀, ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé.

Wọ́n kọ́ mi nípa dáínámò ní girama. Tíṣà wa ní ibi tó bá wù kéèyàn yí i sí, iná á jáde. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege, síbẹ̀ mi ò tíì mọ èwo ni kí n gbà gbọ́. Ayé ti yí padà. Òpó iná ti dé àdúgbò wa, iná ń wá nígbà tó bá wù ú. Bátìrì kún ọjà. Rédíò tèmi á máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ọmọ mi á sùn lọ níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí a ti dúró lọ́jọ́ náà.

Ọwọ́ mi ni màṣíìnì bàbá mi wà báyìí. Agolo rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà míì tí mo bá pọn ọmọ, tí ilé sì dá, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, màá sì tẹ́tí.

Òwú ló máa ń já.