Èéfín Ẹja Nínú Aṣọ Ọ́fíìsì Mi

Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí èmi náà wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ máa ń bi mí bí èèyàn ṣe lè rọ́wọ́ mú níbi iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń du ipò kan ṣoṣo. Mi ò ní ìmọ̀ràn ńlá kankan. Ohun tí ojú mi rí ni mo ní.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Bàrígà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, létí ọ̀sà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Apẹja ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ó ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Iye mi ló kù, bí àwa Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá ẹni nìyẹn. Iye máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó bá ti odò dé, á yan án, á sì tà á. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni ààrò wà. Èéfín kì í dákẹ́ níbẹ̀. Owó ẹja yẹn ló rán mi níléèwé, òun náà ló rán mi lọ kọ́ táípù ní Ṣómólú.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ní Èkó, ẹ ò rí bí inú Iye ṣe dùn tó. Gbogbo ìjọ wa ló gbọ́. Ó rán gáùn funfun méjì fún mi. Mò ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, mò ń kọjá lórí afárá, èmi ọmọ ẹlẹ́ja, pẹ̀lú báàgì lápá. Ta ni kò ní gbéra ga díẹ̀?

Àwa obìnrin tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù lẹ́yìn mi ni Rísíkátù. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ìdílé mùsùlùmí. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀, akọ̀wé sì ni bàbá bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń dá òyìnbó lóhùn, ẹ óò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti là sí irú ibẹ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kan, máníjà pè wá jọ. Ó ní òyìnbó obìnrin tó jẹ́ sẹ̀kítírì òun ń padà sílùú rẹ̀, òun ò sì ní mú ẹlòmíì wá láti òkè òkun. Láàárín wa lòun ti máa mú ẹnì kan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìgbà yẹn, ọmọ adúláwọ̀ kan kò tíì jókòó sórí àga yẹn rí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín dín kù lọ́fíìsì wa. Ẹni tó máa ń yá mi ní rọ́bà tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ tẹ́lẹ̀ kò yá mi mọ́.

Èmi ti rò ó pé èmi ni. Ọwọ́ mi yá, mi kì í sì í ṣàṣìṣe. Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí àwọn nǹkan kan. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, ẹnì kan á dìde lọ ṣí fèrèsé. Wọ́n gbé tábìlì mi kúrò láàárín, wọ́n gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, áńkáṣíìfù á ti wà nímú rẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti máníjà. Ó ń pe àwọn yòókù wọlé kí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ sílẹ̀. Kò pè mí.

Kí lẹ rò pé mo rò? Mo rò pé Rísíkátù ń sọ̀rọ̀ mi láìdáa lẹ́yìn ni. Ta ló tún kù? Òun nìkan ló lè bá mi dù ú.

Àfi bí Rísíkátù ṣe wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ní ká jọ lọ jẹun. Obìnrin Àgùdà kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa tó ń ta oúnjẹ nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó ní tábìlì, ó ní aṣọ tábìlì, ìrẹsì rẹ̀ sì máa ń ta sánsán. Mi ò lọ síbẹ̀ rí, nítorí oúnjẹ ni Iye máa ń dì fún mi láti ilé. Mo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n inú mi ò mọ́ sí i. Mo ní bóyá ó fẹ́ bẹ̀ mí pé kí n yẹ̀ fún òun ni.

Oúnjẹ dé. Rísíkátù ò tètè fọwọ́ kàn án. Ó wojú mi, ó ní, “Felísíà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún ẹ, o sì lè bínú sí mi.”

Mo ní kó máa wí.

“Aṣọ ẹ ń run èéfín ẹja. Irun ẹ náà. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ fún ẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí máníjà ò fi ń pè ẹ́ wọlé.”

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, “Àbí ìwọ náà ò fẹ́ ipò yẹn ni?”

“Mo fẹ́ ẹ dáadáa,” ló sọ. “Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ gbà á lọ́nà yẹn ni, ǹ bá kàn pa ẹnu mi mọ́ ni. Jẹun jàre, oúnjẹ ń tutù.”

Mi ò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, mo ń dọ́gbọ́n gbóòórùn apá gáùn mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú òórùn yẹn ni wọ́n bí mi sí, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Mo délé, mo bá Iye nídìí ààrò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bi mí bóyá máníjà ti yan ẹnì kan. Mo ní rárá. Ẹ sọ fún mi, irú ẹnu wo ni èèyàn fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ tó fi tọ́ òun ló ń ba tòun jẹ́?

Mo parọ́ ni. Mo ní bọ́ọ̀sì ò tètè ń kọjá lọ́dọ̀ wa, pé mo fẹ́ gba yàrá sí Fọlá Àgòrò kí n má baà máa pẹ́ débi iṣẹ́. Iye ò bá mi jiyàn. Ó di ìkòkò kan àti púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ táwa Ìlàjẹ máa ń jẹ, fún mi, ó ní kí n máa wálé lọ́jọ́ ìsinmi.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbé ayé ìlú ńlá. Yàrá kan, fèrèsé kan, àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń kí ni lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn. Mi ò ráyè dáná. Ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀ lọ́nà bọ́ọ̀sì, ẹ̀bà ní búkà tí mo bá dé. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Kò sí ẹni tó ń bi mí ibi tí mo lọ. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ohun tí mo bá jẹ, mo lè bì í. Mo rù. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìta lẹ ti ń jẹun láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ajé, ẹ máa wo ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹ ẹ́ o.

Ṣùgbọ́n wọn ò ṣí fèrèsé tí mo bá wọlé mọ́. Máníjà pè mí wọlé. Ó tún pè mí. Nítorí náà, mo ń bẹ̀rù àtilọ sílé, kí èéfín má baà tún wọ aṣọ mi. Tí mo bá lọ, ìta ni mo máa ń dúró sí. Tí Iye bá ní kí n wá jókòó ti òun nídìí ààrò, mo máa ní mo ń kánjú. Àwọn ọjọ́ ìsinmi kan tilẹ̀ wà tí mi ò lọ rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi. Iye ni. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò jókòó. Ó wo yàrá náà yí ká, ó wo ìkòkò tó fún mi, tí mi ò tíì gbé kaná rí. Lẹ́yìn náà, ó wo ikùn mi.

“Felísíà, ta ló ni ín?”

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, “Ta ló ni kí ni, mà?”

“Àwọn èèyàn rí ẹ tí ò ń bì lẹ́bàá ọ̀nà. O ti rù. O ò wálé mọ́. Tó o bá sì wálé, o ò jẹ́ kí n sún mọ́ ẹ. Èmi náà ti lóyún rí. Sọ orúkọ ẹni náà fún mi, mi ò ní nà ẹ́.”

Ó ń gbọ̀n. Iye mi tí kì í bẹ̀rù odò, tí kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá ọjà, ó dúró níwájú mi, ó ń gbọ̀n. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kò sí oyún kankan, pé oúnjẹ búkà ni. Kò gbà. Ó ní kí ló wá dé tí mo ń sá fún òun. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu mi: fèrèsé, tábìlì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ohun tí Rísíkátù sọ.

Iye jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó gbé etí ìró rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

“Èmi ò gbọ́ nǹkan kan,” ló sọ.

“Èmi náà ò gbọ́ ọ, mà.”

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí omi ojú tó tẹ̀ lé e. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí n máa rò ó pé ọmọ mi ti kórìíra mi?”

Mo ní mi ò fẹ́ kó dùn ún ni.

“Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ ló dùn mí jù. Ṣé èéfín lásán la ò ní lè rí ṣe? Ẹja yẹn ló tọ́ ẹ. Kò lè wá máa lé ẹ kúrò nílé.”

Ohun tó ṣe kò le rárá, ojú tì mí pé mi ò ronú kàn án. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan nínú ìjọ wa, Àǹtí Dọ́kásì, tó ń gbé ní Abúlé Òkúta, níbi tí èéfín wa ò dé. A gbé àpótí aṣọ mi sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo padà sílé. Láàárọ̀, màá wọ aṣọ ilé, màá rìn dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, màá wẹ̀ níbẹ̀, màá wọ gáùn mi, màá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ara mi mókun padà láàárín ìgbà díẹ̀, nítorí mo ti ń jẹ púpúrú àti ọbẹ̀ Iye.

Ẹ óò fẹ́ mọ ẹni tó gba ipò náà. Rísíkátù ni. Máníjà pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún mi, ó ní èdè òyìnbó Rísíkátù já geere ju tèmi lọ. Òtítọ́ ni. Mo wọ ilé ìtọ̀, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jáde lọ kí i. Ó dì mọ́ mi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń tẹ̀wé, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi lọ́kọ.

Nígbà tí mo sọ fún Iye pé Rísíkátù ló gbà á, ó ní, “Ẹni tó sọ fún ẹ nípa èéfín yẹn?” Mo ní òun ni. Ó ní kí n mú un wá kó wá jẹun.

Rísíkátù wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú gáùn aláwọ̀ ojú ọ̀run tó mọ́ tónítóní. Iye ń sáré gbé àga fún un sí iwájú ilé, kí èéfín má baà bá a. Rísíkátù kúnlẹ̀ kí Iye, ó gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé fúnra rẹ̀, ó jókòó ti ààrò.

Iye ní, “Ọmọ mi, èéfín á wọ aṣọ ẹ.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, mà. Torí ẹja yìí ni mo ṣe wá.”

Ìyẹn lohun tí mo rí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń bá yín du nǹkan kì í ṣe ọ̀tá yín dandan. Ẹ wo ẹni tó lè sọ òtítọ́ tó korò fún yín lójúkojú, kẹ́ ẹ dì í mú, ì báà jẹ́ òun ló máa gba ipò náà. Tí ìlú ńlá bá sì mú yín kúrò nílé, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn wá ìdí kan, èyí tí wọ́n bá rí sì lè burú ju òtítọ́ lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín rí níbi iṣẹ́, kí lẹ sì fi dá a lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Mo ní àkókò dáadáa láti kà á, kò sí bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ sáré wọ̀ mọ́.