Òkun Tí Ó Wọ Mọ́tò Dé Ẹ̀pẹ́

Mo rántí àárọ̀ tí a rí nǹkan roboto aláwọ̀ ìyeyè kan tí ó ń léfòó lójú òkun, tí irin tín-ín-rín kan yọ lórí rẹ̀ bí ìka tí ó tọ́ka sí ọ̀run. A wò yíká, a kò rí ẹni tí ó ni ín. Ní ìdílé àwa apẹja tí àwọn bàbá wa ti etíkun Oǹdó wá tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ohun tí ó bá ń léfòó láìní olúwa kì í ṣe ti ẹni tí ó rí i. Ilé olórí apẹja ni à ń gbé e lọ, kí olóhun lè mọ ibi tí yóò ti béèrè. Bí a ti gúnlẹ̀, mo gbé e lé orí agbọ̀n ẹja, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì ń yin ara mi lójú ọ̀nà pé ọmọlúàbí ni mí. Olórí wa ti lọ síbi ìsìnkú, nítorí náà mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ìyàwó mi ní Ọjà Olúwo láti dúró dè wọ́n.

Èmi tí n kò ka ìwé mẹ́fà parí kò mọ̀ pé nǹkan náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ọ́fíìsì wọn wà ní Ìkòròdú ni wọ́n jù ú sókun. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹ̀fúùfù ṣe ń ti omi káàkiri ní apá ibi tí òkun kò tíì jìn, kí ilẹ̀ abẹ́ omi tó já wọ ibú, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé òkun náà. Gbogbo ibi tí nǹkan náà bá dé ni irin orí rẹ̀ ń ròyìn fún wọn. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé inú wọn kọ́kọ́ dùn: wọ́n rò pé àwọn ti rí ìṣàn omi alágbára kan tí kò ka ẹ̀fúùfù sí. Ìgbà tí ìṣàn náà gba àárín abúlé kọjá, tí ó sì dúró níbi tí awakọ̀ wa ti ra epo, ni wọ́n tó fura.

Ó yẹ kí wọ́n bi mí léèrè. Ọlọ́pàá ni wọ́n mú wá, nígbà tí ọjà kún fọ́fọ́.

“Níbo lo ti rí èyí?” ni ọlọ́pàá wí.

“Ọ̀gá, òkun ló gbé e wá. Olórí wa ni mo ń gbé e lọ fún.”

“Òkun wọ mọ́tò, ó sanwó ọkọ̀, ó wá bọ́ sílẹ̀ ní Olúwo?”

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí olórí dé, kí ẹ bi wọ́n.” Obìnrin ọ̀mọ̀wé tí ó ṣáájú wọn kò dúró. Ó nàka sí mi, ó ní, “Olè ni. Ẹ mú un.” Ohùn rẹ̀ dé ìdí àwọn tí ń yan ẹja ní òpin ọjà.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni olórí wa ti bá mi. Wọ́n ṣàlàyé àṣà wa, ọ̀rọ̀ náà sì yé obìnrin náà. Ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe ni.” Mo ní kí ó wá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ó ní òun yóò wá. Olórí wa ní ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi wọ́lẹ̀ lọ bá a. Àmọ́ ó hàn pé ìgbín ti Ìkòròdú ní ọkọ̀ tirẹ̀, kò sì gba ọ̀nà Olúwo mọ́.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé náà pe àwa apẹja sí ìpàdé láti wá wo àfarawé òkun tí wọ́n ti parí. Ó dára, n kò ní purọ́. Wọ́n tan àwòrán rẹ̀ sára ògiri, àwọn ọfà kéékèèké sì ń yí nínú rẹ̀ bí ẹ̀fúùfù ṣe ń darí omi. Mo wá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ títí, n kò rí i. Mo bi obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. A ti yọ ìrìn tiyín kúrò pátápátá, kí ó má ba iṣẹ́ náà jẹ́.”

Báyìí ni òkun ṣe bọ́ nínú ẹ̀sùn. Kò wọ mọ́tò rí. Èmi ni àwọn èèyàn ṣì ń fa agbọ̀n wọn mọ́ra fún bí mo bá ń kọjá lọ́jà, ìyàwó mi sì ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí Agbọ̀wà kí etí rẹ̀ lè sinmi. N kò béèrè owó. Ohun tí ó sọ sí mi létí lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá ni mo fẹ́ kí ó wá sọ síta. Bí ọjọ́ orí mi ti ń pọ̀ sí i yìí, ìbéèrè kan ni mo ń gbé kiri: ẹni tí ó lè tún odidi òkun ṣe, Ọjà Olúwo ha jìnnà sí i bí?